Ẹsẹ̀ Bàbá, Ojú Ọmọ

Kò sí oúnjẹ tí Àtọ́kẹ́ kórìíra láyé mọ́ tó wàrà, bẹ́ẹ̀ ọwọ́ ara ẹ̀ ló fi gbé e wọlé. Ó gbé e wọlé tẹ̀rín-tẹ̀rín, torí oyè ló ń rìn bọ̀ nílé ọkọ ẹ̀, obìnrin wo ni inú ẹ̀ ò ní dùn sí i?

Mọ́gàjí agboolé Arógunmásàá, ní Bẹ́yẹrúnkà, ló papò dà. Ẹni tó bá jẹ́ ọmọ Ìbàdàn mọ ohun tí ìyẹn jẹ́. Mọ́gàjí ni olórí agboolé. Òun ló ń parí ìjà, òun ló ń ṣojú ẹbí lọ́dọ̀ ọba, ẹni tó bá sì ti débẹ̀, ó ti fẹsẹ̀ lé àkàsọ̀ tó lọ sórí ìtẹ́ ọba nìyẹn. Bí ẹ̀mí bá gùn, kò sẹ́ni tó mọ ibi tó lè gùn ún dé. Àwọn méjì lọ̀rọ̀ ọ̀hún wà láàárín wọn: Àkíbù, tó ń ta pákó, àti Yésúfù, ọkọ Àtọ́kẹ́, tó ń ta ìṣó àti àgádágodo ní Ọjà'ba.

Àkíbù fẹ́ oyè náà bí èèyàn ṣe ń fẹ́ nǹkan tó dára. Yésúfù fẹ́ ẹ bí ẹni tí wọ́n jẹ ní gbèsè. Bàbá ẹ̀, kí Ọlọ́run forí jì í, ni ipò náà kàn nígbà ayé ẹ̀. Ọwọ́ ẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó o kí ẹbí tó gbé e fún ẹlòmíràn lójú ẹ̀ kòrókòró. Yésúfù kéré nígbà náà. Ó bi àwọn àgbà pé kí ló dé, wọ́n ní ẹsẹ̀ ni. Bàbá náà ń tiro lóòótọ́. Mọ́tò ló gbá a ní Mọ́lété nígbà tó wà lọ́dọ̀ọ́. Wọ́n ní ẹni tó ní àbùkù ara kì í jókòó lórí àga Arógunmásàá. Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ nìyẹn, bí ọmọ ṣe gbé e mì nìyẹn, kò sì pọ̀ ọ́ jáde mọ́ títí ó fi dàgbà.

Ohun tó gbé mì yẹn ló ń darí ẹ̀. Bí ibà mú Yésúfù, á lọ ṣọ́ọ̀bù. Bí ẹ̀yìn ń dùn ún, á nà tantan bí òpó. Nígbà tí dókítà sọ pé ó ní ìtọ̀ ṣúgà, ọ̀rọ̀ náà ò jáde nínú yàrá: òun mọ̀, Àtọ́kẹ́ mọ̀, Hikmat ọmọ wọn tó ń ṣe tíṣà ní Òkè-Àdó mọ̀, ó parí. Inú agolo bisikíìtì ló ń kó oògùn ẹ̀ pamọ́ sí. Àlejò tó bá ṣí i á rò pé òun ń jí bisikíìtì jẹ ni.

Nígbà tí ogójì ọjọ́ Mọ́gàjí pé, Yésúfù ní òun á ṣe sàráà fún òkú. Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́, òkú nìkan kọ́ ló ń ṣe é fún. Ó fẹ́ káwọn àgbà ẹbí jẹ, kí wọ́n yó, kí wọ́n wojú òun. Ó ní kí Àtọ́kẹ́ wá wàrà tó pọ̀, torí àwọn àgbà agboolé náà fẹ́ràn wàrà ju ẹran lọ. Bàbá Sàláúdéènì, tó dàgbà ju gbogbo wọn lọ, ò ní ju eyín mélòó kan lẹ́nu, ó sì máa ń sọ pé wàrà nìkan ni oúnjẹ tí kì í béèrè eyín.

Àtọ́kẹ́ ra wàrà kúlà ńlá kan lọ́wọ́ àwọn obìnrin Fúlàní. Láti àárọ̀ ló ti wà nídìí iná. Ó gé e wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, ó fi iyọ̀ àti ata sí i, ó dín in títí ó fi pọ́n rẹ́súrẹ́sú, òórùn ẹ̀ gba gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan. Àwọn àgbà jẹ, wọ́n lá ọwọ́. Bàbá Sàláúdéènì gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, ó ṣe àdúà gígùn fún òkú, ó wá yíjú sí Yésúfù, ó ṣe tirẹ̀ náà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gùn ju ti òkú lọ. Àtọ́kẹ́ ṣe “àmíìn” lẹ́nu ọ̀nà títí ẹnu fi ń ro ó.

Wàrà ṣẹ́kù. Kò lè ṣàìṣẹ́kù, torí kò sí ìyàwó ilé Ìbàdàn tó jẹ́ jẹ́ kí oúnjẹ sàráà tán kí àlejò tó tán. Èyí tí ò tíì dín wà nínú omi ẹ̀, funfun gbòò. Ó fẹ́ gbé e sórí iná lọ́jọ́ kejì, ọkọ ẹ̀ ní rárá.

“Má dín in. Ṣé o ti gbàgbé pé nọ́ọ̀sì ní kí n jáwọ́ nínú òróró?” ni Yésúfù wí. “Gbé e sí fíríìjì. Èmi ni n ó jẹ ẹ́.”

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe di pé láràárọ̀, tó bá ti kírun àsùbáà tán, Yésúfù á ṣí fíríìjì, á bu wàrà tútù àti omi ẹ̀ sínú ife, á jókòó sẹ́nu ọ̀nà, á máa jẹ ẹ́ jẹ́jẹ́. Ó ní ó ń tu òun lára. Ó ní òróró ò sí níbẹ̀, ṣúgà ò sí níbẹ̀, oúnjẹ ọlọ́gbọ́n ni. Iná ń lọ, iná ń dé, wàrà ń kan díẹ̀díẹ̀. Àtọ́kẹ́ ní kó dà á nù. Ó ní èyí tó kan díẹ̀ yẹn gan-an ló dùn. Kò fún ẹnikẹ́ni jẹ. Òun nìkan ló jẹ ẹ́ tán, ó sì fi ìka nu ìdí abọ́.

Inú ló kọ́kọ́ run ún. Ibà tẹ̀ lé e, orí fífọ́ tẹ̀ lé ibà. Ó mu àgbo, ó bò mọ́lẹ̀, ó ní wàhálà ọjà ni. Nígbà tí ara ẹ̀ fẹ́ rọ̀, Àtọ́kẹ́ ń bá a da omi àlùwàlá ní àárọ̀ ọjọ́ kan, omi náà kan ojú ọ̀tún ẹ̀, ọkùnrin náà kérora bí ẹni tí iná jó. Àtọ́kẹ́ gbé búútà sílẹ̀, ó yí i lójú sókè. Ojú náà pọ́n bí ẹyìn.

“Bàbá Hikmat, kí lèyí?”

“Apólò ni. Ṣé o ò rí apólò rí ni?”

Ó fẹsẹ̀ ara ẹ̀ lọ sí kẹ́míìsì kan ní ìsàlẹ̀ Bẹẹrẹ. Ẹni tó wà níbẹ̀ ò wo ojú náà dáadáa. Irú oògùn ojú tó ń tà fún gbogbo ayé ló nà sí i. Ó kán an sójú, nígbà tó di ọjọ́ kejì, pípọ́n náà dín kù. Yésúfù wá ń fi igò oògùn náà yangàn, ó ní ẹ̀yin obìnrin, ẹ ò ju ariwo lọ. Kò pẹ́ tí ìrora padà dé, ó sì wá pẹ̀lú ẹ̀san. Ó ní kùrukùru ń bo gbogbo nǹkan tí òun ń wò. Orí ń là á ní apá ọ̀tún. Ó ra awò dúdú kan ní ọjà, ó fi bo ojú méjèèjì, kò sì bọ́ ọ mọ́ nínú ilé àti lóde.

Lọ́jọ́ kan tó bọ́ awò náà kó lè sùn, Àtọ́kẹ́ tẹjú mọ́ ojú yẹn. Nǹkan dúdú kan ti sùn sí ìsàlẹ̀ ẹyinjú, níbi tó yẹ kó mọ́ gaara, bí ẹrẹ̀ ṣe ń sùn sídìí àmù. Àtọ́kẹ́ ti tọ́ ọmọ, ó ti tọ́ ọmọ ọmọ, ó ti rí apólò tó pọ̀. Kò rí apólò tó dúdú rí.

“Kójú má ríbi, ẹsẹ̀ loògùn ẹ̀,” ló wí. “Ẹ dìde, ká lọ sọ́sibítù.”

“Ọsibítù wo ni ò sí ọmọ agboolé yìí nínú ẹ̀ ní gbogbo Ìbàdàn? Bí mo bá wọlé láàárọ̀, ilẹ̀ ò ní ṣú kí wọ́n tó gbọ́ ní Bẹ́yẹrúnkà pé Yésúfù ń fọ́jú.”

“Kí wọ́n gbọ́. Ta ló kàn?”

“Jímọ̀ tó ń bọ̀ ni ẹbí á fẹnu kò sí ẹni tó máa jẹ ẹ́.” Ó di ọwọ́ ìyàwó ẹ̀ mú, ọwọ́ ẹ̀ gbóná. “Tó bá ti kọjá Jímọ̀, ibi tó bá wù ọ́ ni kí o gbé mi lọ.”

“Ṣé ojú mọ ọjọ́ Jímọ̀ ni, Bàbá Hikmat? Ṣé ojú á ní òun ń dúró de ẹbí?”

“Gbọ́ mi, Ìyá Hikmat. Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi gba oyè lọ́wọ́ bàbá mi. Wọn ò ní fi ojú gba tèmi.”

Ẹni tó bá gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí á béèrè pé kí ló dé tí Àtọ́kẹ́ ò fi igbe ta. Ẹnu dùn ún ròfọ́. Òun náà ti ń gbọ́ ọ létí bí wọ́n á ṣe máa kí i ní ìyàwó Mọ́gàjí, àwọn tó ń kọjá lára ẹ̀ lọ́jà láìkúnlẹ̀ á sì wá máa kúnlẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan ló pe Hikmat lórí fóònù. Ọmọ náà béèrè pé bàbá òun ńkọ́, pé kí ló dé tí wọn ò gbé fóònù. Ọ̀rọ̀ náà ti dé orí ahọ́n Àtọ́kẹ́. Ó wo ọkọ ẹ̀ tó dùbúlẹ̀ pẹ̀lú awò dúdú lójú bí ẹni tó wà nínú oòrùn.

“Bàbá ẹ ń sinmi ni,” ló sọ.

Ẹni tó bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́. Àtọ́kẹ́ mọ òwe náà, ó ti fi bá ọ̀pọ̀ ọmọ wí, kò sì rántí ẹ̀ lọ́jọ́ yẹn.

Jímọ̀ dé. Wọ́n kírun tán, ẹbí péjọ sínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ ńlá. Àwọn ìyàwó ilé jókòó sí ẹnu ọ̀nà tó wọ ẹ̀yìnkùlé, Àtọ́kẹ́ wà lára wọn. Yésúfù wọ agbádá funfun, ó fi awò dúdú ẹ̀ sójú, ó rọra ń rìn, ó ń fọwọ́ kan ògiri bí ẹni pé ó kàn ń ṣe fàájì ni. Àkíbù wò ó láti òkè délẹ̀.

“Yésúfù, ṣé o ti di olórin ni? Awò dúdú nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀?”

Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Yésúfù náà gbìyànjú, ó rẹ́rìn-ín. “Oòrùn ló ń yọ mí lẹ́nu,” ló wí, ó jókòó.

Bàbá Sàláúdéènì bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Ẹ mọ bí ọ̀rọ̀ àgbà ṣe ń rí. Ó ti ìdí ẹ̀ mú un wá, láti orí ẹni tó tẹ agboolé náà dó, ó ń bọ̀ jẹ́jẹ́. Àtọ́kẹ́ ò gbọ́ ohun tó ń sọ. Ojú ẹ̀ wà lára ọkọ ẹ̀. Ó rí i tí òógùn ń ṣàn lọ́rùn ẹ̀. Ó rí i tó fi ọwọ́ di apá ọ̀tún orí mú, tó mú un kúrò, tó tún dì í mú. Bàbá ò tíì kúrò lórí ogun tí baba ńlá wọn jà nígbà tí Yésúfù dìde, bí ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀. Èébì ló jáde lẹ́nu ẹ̀. Ó bì sí agbádá funfun, ó bì sórí ẹní, ó ṣubú, awò dúdú fò lọ sí ẹsẹ̀ Bàbá Sàláúdéènì. Gbogbo ẹbí rí ojú náà.

Ẹ wá wo ẹni tó kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ ẹ̀. Àkíbù ni. Àkíbù ló gbé orí ẹ̀ lé itan, Àkíbù ló bọ́ fìlà ara ẹ̀ tó fi nu ẹnu ẹ̀, mọ́tò Àkíbù ni wọ́n fi gbé e lọ sọ́sibítù. Ní gbogbo ọ̀nà, bí wọ́n ṣe ń jà fún ọ̀nà láàárín àwọn mọ́tò ní Bẹẹrẹ, ọkùnrin náà ń fọn fèrè, ó ń wí pé, “Yésúfù, kí ló dé tí o ò sọ fún wa? Kí ló dé?”

Wọ́n gbà á sí wọ́ọ̀dù. Dókítà ojú tó tọ́jú ẹ̀, obìnrin tín-ín-rín kan tó ń jẹ́ Ẹ̀bùnọlá, fi abẹ́rẹ́ fa omi díẹ̀ nínú ẹyinjú náà, wọ́n gbé e lọ yẹ̀ wò. Wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ náà. Nígbà tí èsì dé, Dókítà Ẹ̀bùnọlá pe Àtọ́kẹ́ àti Hikmat, tó ti Òkè-Àdó sáré wá, sí yàrá kékeré kan. Ìbéèrè tó kọ́kọ́ bi Àtọ́kẹ́, Àtọ́kẹ́ rò pé dókítà náà ń ṣeré ni.

“Màmá, nínú oúnjẹ tí Bàbá jẹ kí gbogbo èyí tó bẹ̀rẹ̀, èwo ni wọn ò gbé kaná? Èwo ló pẹ́ nínú fíríìjì?”

“Ojú ló ń dùn ún, Dókítà. Oúnjẹ ńkọ́?”

“Mo mọ̀, mà. Ẹ ṣáà dá mi lóhùn.”

Àtọ́kẹ́ ronú. Kò pẹ́ ronú. Bó ṣe dárúkọ wàrà, dókítà mí kanlẹ̀.

“Kòkòrò kan la bá nínú ojú wọn, Lisitéríà lorúkọ ẹ̀,” ni dókítà wí. “Kò ṣeé fojú rí. Inú oúnjẹ ló máa ń wà: wàrà tí iná ò kàn dáadáa, mílíìkì tútù, ẹran tó ti pẹ́. Bí òtútù bá mú ọ̀pọ̀ kòkòrò, wọ́n á dáwọ́ dúró. Eléyìí kì í dúró, inú fíríìjì gan-an ló ti ń bí sí i. Bó bá wọ inú ẹni tára ẹ̀ le, ó lè má ju inú rírun lọ. Ṣùgbọ́n àgbàlagbà tó ní ìtọ̀ ṣúgà, ara ò lágbára láti lé e. Á bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀. Orí ló sábà máa ń gbà lọ. Kó lọ wọ ojú, ó ṣọ̀wọ́n gan-an. Ìwé ni mo ti kà á, mi ò rí i rí.”

“Gbogbo ẹbí ló jẹ wàrà náà,” ni Àtọ́kẹ́ wí. Ohùn ẹ̀ ti lọ sílẹ̀.

“Ṣé wọ́n jẹ ẹ́ ní tútù ni?”

“Rárá. Mo dín tiwọn.”

“Iná ti pa á nínú tiwọn, mà.”

Hikmat fi ọwọ́ bo ẹnu. Dókítà gbé igò oògùn kẹ́míìsì tí wọ́n bá nínú àpò agbádá, ó yí i wò, ó ní oògùn náà ń mú kí ojú má pọ́n mọ́, kò sì pa kòkòrò. Ńṣe ló so ara lọ́wọ́ kó má lè bá a jà. Ẹni a ní kó fẹ́ni lójú, ata ló fi sẹ́nu. Àtọ́kẹ́ gbọ́ gbogbo ẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tó fẹ́ mọ̀ kọ́ nìyẹn.

“Bí a bá gbé e wá nígbà tó kọ́kọ́ pọ́n ńkọ́?”

“Màmá, ẹ̀mí wọn là ń lé báyìí. Abẹ́rẹ́ tí à ń fún wọn ti ń ṣiṣẹ́, ara wọn á yá.”

“Mo ní bí a bá tètè wá ńkọ́, Dókítà?”

Dókítà Ẹ̀bùnọlá wo tábìlì. “Ó ṣeé ṣe kí ojú náà ṣì máa ríran,” ló wí. “Ní báyìí, kò ní ríran mọ́.”

Hikmat bú sẹ́kún. Kò bú ìyá ẹ̀, kò béèrè pé ṣé ìsinmi tẹ́ ẹ ní wọ́n ń sinmi nìyẹn. Ì bá bú u, ì bá sàn.

Ibà lọ, ara Yésúfù balẹ̀. Wọ́n di ojú ọ̀tún ẹ̀ ní aṣọ funfun. Ohun tó kọ́kọ́ béèrè nígbà tó lè sọ̀rọ̀ dáadáa ni pé ta ni wọ́n fi jẹ ẹ́. Àtọ́kẹ́ ní òun ò mọ̀, òun ò sì fẹ́ mọ̀. Yésúfù yíjú sí ògiri.

Bàbá Sàláúdéènì dé lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Àkíbù ló fi mọ́tò gbé e wá, òun ṣì wà nísàlẹ̀ tó ń wá ibi tó máa gbé mọ́tò sí. Àtọ́kẹ́ pàdé bàbá náà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ wọ́ọ̀dù, ó kúnlẹ̀.

“Dìde, ìyàwó wa,” ni Bàbá wí. “Ọkọ ẹ ńkọ́? Mo wá sọ fún un pé òun ni. Òun ni Mọ́gàjí.”

Àtọ́kẹ́ ò dìde. “Pẹ̀lú ojú kan, Bàbá?”

“Kí ni ti ojú níbẹ̀? Ṣé abẹ́rẹ́ ló fẹ́ máa fi okùn sí fún wa ni? Làákàyè là ń wá, àti ẹni tí kò ní ta ilẹ̀ ẹbí. Láti ọjọ́ sàráà yẹn làwọn àgbà ti fẹnu kò. Jímọ̀ tó ṣubú yẹn, àtisọ ọ́ jáde ló kù. Àkíbù pàápàá ti gbọ́, ó ti gbà.”

Ọ̀rọ̀ náà ń wọ Àtọ́kẹ́ létí, ara ẹ̀ ò gbà á. Ó di ògiri mú, ó dìde.

“Bàbá, ẹ dákun. Ṣé ẹsẹ̀ kọ́ lẹ fi gba oyè lọ́wọ́ bàbá ẹ̀ ni?”

“Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?”

“Ẹ̀yin ni. Ó ní orí itan yín lòun jókòó sí tí ẹ fi sọ ọ́ fún òun.”

Bàbá Sàláúdéènì wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó fi ọ̀pá ẹ̀ fà á sí ìdí fèrèsé. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, kò wo Àtọ́kẹ́ lójú.

“Ilẹ̀ ni,” ló wí. “Ilẹ̀ ẹbí tó wà lọ́nà Akánrán. Bàbá ẹ̀ tà á, kò sọ fún ẹnì kankan, ó sì ná owó náà. Ìgbà tí àwọn tó rà á wá ń kọ́lé la tó mọ̀. A bá a wí nínú yàrá, a gba oyè lọ́wọ́ ẹ̀, a sì mulẹ̀ pé ọmọ ẹ̀ ò gbọdọ̀ gbọ́. Ọmọ dáadáa ni. Ṣé ká wá jẹ́ kó máa gbọ́ lójú pópó pé olè ni bàbá òun? Ẹsẹ̀ ṣáà wà níbẹ̀, a ní ẹsẹ̀ ni. Àánú ẹ̀ ló ṣe wá, ìyàwó.”

Àtọ́kẹ́ rẹ́rìn-ín. Nọ́ọ̀sì tó ń kọjá bojú wẹ̀yìn. Ẹ̀rín tí èèyàn ń rín nígbà tí ẹkún ò bá tó ọ̀rọ̀ náà ni, ó korò lẹ́nu ẹ̀ bí ewúro tí wọn ò fọ̀.

“Àánú,” ló wí. “Bàbá, ojú ọkọ mi ló san àánú yín.”

“Mo mọ̀. Mo mọ̀ báyìí. Ṣùgbọ́n fi bò ó fún un. Ojú ti lọ, kò lè padà mọ́. Má jẹ́ kí bàbá ẹ̀ náà tún lọ mọ́ ọn lọ́wọ́. Jẹ́ kó jókòó sórí àga yẹn kó máa fi bàbá ẹ̀ yangàn. Mo bẹ̀ ọ́.”

Àtọ́kẹ́ ṣáájú wọlé, bàbá náà ń tẹ̀ lé e. Yésúfù gbọ́ ìró ọ̀pá, ó gbìyànjú láti dìde jókòó.

“Ṣé ẹ̀yin nìyẹn, Bàbá? Ta ni ẹ mú?”

“Ìwọ ni,” ni Bàbá Sàláúdéènì wí láti ẹnu ọ̀nà. “Ìwọ ni Mọ́gàjí, Yésúfù. Ọlọ́run á fi àlùbáríkà sí i.”

Yésúfù gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, omi bọ́ lójú kan tó kù. Ó wá nawọ́ wá ìyàwó ẹ̀ ní apá ọ̀tún, níbi tí ò ti lè rí i, ó rí ọwọ́ ẹ̀, ó dì í mú.

“Ṣé o rí i báyìí?” ló wí jẹ́jẹ́. “Ká ní mo gbọ́ tìẹ, tí mo gbé ojú pípọ́n wọ ọsibítù lọ́jọ́ yẹn, ariwo á ti dé ilé kí wọ́n tó fẹnu kò. Àkíbù ni ì bá wà níbẹ̀. Ojú kan kì í ṣe nǹkan, Ìyá Hikmat. Mo ti gbẹ̀san ẹsẹ̀ bàbá mi.”

Bàbá Sàláúdéènì mi orí sí Àtọ́kẹ́ láti ẹnu ọ̀nà, ó fi ìka sí ètè. Bí bàbá náà ṣe dúró yẹn, Àtọ́kẹ́ rí ara ẹ̀ pẹ̀lú fóònù létí, tó ń wí fún ọmọ pé bàbá ẹ ń sinmi ni. Ó rí agolo bisikíìtì, ó rí awò dúdú. Inú bí i, ó bí i sí ọkọ, ó bí i sí àgbà, ó bí i sí ara ẹ̀ jù. Gbogbo wọn ti bo nǹkan mọ́lẹ̀ tó.

Ó yọ ọwọ́ ẹ̀ lọ́wọ́ Yésúfù. Ó gbé àga tó wà lápá ọ̀tún bẹ́ẹ̀dì, ó gbé e lọ sí apá òsì, kí ojú tó kù lè rí òun dáadáa, ó sì jókòó.

“Bàbá Hikmat, kì í ṣe ẹsẹ̀.”

“Kí ni kì í ṣe ẹsẹ̀?”

Ọ̀pá Bàbá Sàláúdéènì ti ń dún lọ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Àtọ́kẹ́ ò wẹ̀yìn. Ó sọ ọ́ fún un, ilẹ̀ ọ̀nà Akánrán, owó tí bàbá ẹ̀ ná, ẹsẹ̀ tí àwọn àgbà fi bo ìtìjú. Ó sọ ìgbà tí wọ́n ti fẹnu kò sí Yésúfù fúnra ẹ̀, pé kò sẹ́ni tó béèrè ojú lọ́wọ́ ẹ̀ rí. Nígbà tó tán, Yésúfù gbé ọwọ́ sókè díẹ̀díẹ̀, ó fi kan aṣọ funfun tó wà lójú ọ̀tún ẹ̀, ọwọ́ náà sì dúró síbẹ̀.

“Láti ọjọ́ sàráà?” ló béèrè.

“Láti ọjọ́ sàráà,” ni Àtọ́kẹ́ wí.